Kí o tó sanwó LL.M. lókè òkun: ìtọ́sọ́nà fún agbẹjọ́rò ọmọ Kétu, Ṣábẹ̀ẹ́ àti Àjàṣẹ́

Nígbà òjò tó kọjá, ọmọbìnrin kan láti Kétu wá bá mi ní ọ́fíìsì mi ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo). Ilé wọn kò jìnnà sí Àkàbà Ìdènà, bàbá rẹ̀ ló sì ní kó wá rí mi. Kò tíì jókòó dáadáa tó ti fa fáìlì kan yọ nínú báàgì, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé lẹ́tà kan sí iwájú mi. Yunifásítì kan ní Amẹ́ríkà ti gbà á láti wá kẹ́kọ̀ọ́ LL.M., ìyẹn Máàstà nínú òfin. Mo kí i kú oríire, mo ka lẹ́tà náà tán, mo wá bi í pé, "Lẹ́yìn ẹ̀kọ́ yìí, kọ́ọ̀tù ìlú wo lo ti fẹ́ dìde gbẹjọ́rò?" Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ṣebí ibẹ̀ náà ni. Wọ́n á ṣáà fún mi níwèé ẹ̀rí."

Ibẹ̀ gan-an lọ̀rọ̀ wà. Ìwé ẹ̀rí ni wọ́n máa fún un lóòótọ́, ṣùgbọ́n ìwé ẹ̀rí yàtọ̀ sí ìwé àṣẹ. Ilé-ẹ̀kọ́ ló ń fúnni ní ìwé ẹ̀rí. Ìwé àṣẹ, ọwọ́ ẹgbẹ́ agbẹjọ́rò tàbí kọ́ọ̀tù ìlú kọ̀ọ̀kan ló wà. LL.M. jẹ́ ẹ̀kọ́ oṣù mẹ́sàn-án sí méjìlá fún ẹni tó ti kàwé òfin tẹ́lẹ̀. Ní ìlú kan, òun ló máa mú ọ dé ibi ìdánwò agbẹjọ́rò. Ní ìlú mìíràn, ìdánwò náà kò tilẹ̀ béèrè rẹ̀. Ẹni tí kò bá mọ èyí kó tó sanwó lè ná owó tó tó kọ́lé, kó wá bá ara rẹ̀ nílé pẹ̀lú fọ́tò ọjọ́ ìgboyè.

Ó ku díẹ̀ kí irú rẹ̀ ṣẹlẹ̀ sí èmi náà. Ohun tí mo bá ọmọ náà sọ láti àárọ̀ títí oòrùn fi wọ̀ ni mo kọ sísàlẹ̀ yìí.

Ìgbésẹ̀ kìíní: ẹ̀yìn ni kí o ti bẹ̀rẹ̀

Mú bébà kan. Kọ ìlú tí o fẹ́ ti máa ṣiṣẹ́ jẹun ní ọdún márùn-ún òní sí i. Má tíì kọ orúkọ yunifásítì kankan. Bóyá o fẹ́ dúró sí òkè òkun kí o sì gba àṣẹ níbẹ̀. Bóyá o fẹ́ padà sí Bẹ̀nẹ̀ kí ọwọ́ rẹ lè tó iṣẹ́ tí ẹlẹgbẹ́ rẹ kò lè ṣe. Ó sì lè jẹ́ àwọn ilé-iṣẹ́ àgbáyé tó wà káàkiri Áfíríkà lo ń wò, bíi báńkì ìdàgbàsókè tàbí kọ́ọ̀tù àjọ ECOWAS.

Ohun tí o bá kọ ló máa sọ irú ẹ̀kọ́ tó yẹ ọ́. Ẹni tó fẹ́ ṣiṣẹ́ ní New York gbọ́dọ̀ lọ sí Amẹ́ríkà, yóò sì yan kọ́ọ̀sì bí òfin ibẹ̀ ṣe là á sílẹ̀. Ẹni tó fẹ́ di agbẹjọ́rò ní Lọ́ńdọ̀nù kò nílò LL.M. rárá láti ṣe ìdánwò wọn. Ẹni tó fẹ́ padà wálé lè kẹ́kọ̀ọ́ níbi tó bá wù ú, bí ẹ̀kọ́ náà bá ṣáà ti fún un lóhun tí kò sí nílé.

Èrò tèmi, láti ìgbà tí mo ti padà dé, ni pé ọ̀nà kejì àti ẹ̀kẹta ló gba ọ̀pọ̀ nínú wa. Ti àkọ́kọ́ há, ṣùgbọ́n wọn kò dí i pa.

Ìgbésẹ̀ kejì: mọ ohun tó wà lọ́wọ́ rẹ

Òfin tí wọ́n kọ́ wa ní Abomey-Calavi tàbí ní Parakou, ti ìdílé Faransé ni. Inú ìwé òfin la ti ń wá ìdáhùn kí a tó wo ìdájọ́. Amẹ́ríkà, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Nàìjíríà àti Gánà ń tẹ̀lé ti Gẹ̀ẹ́sì, níbi tí ìdájọ́ tí adájọ́ ti dá sẹ́yìn ti jẹ́ òfin fúnra rẹ̀. Ìyàtọ̀ yìí ni ẹgbẹ́ agbẹjọ́rò òkè òkun máa kọ́kọ́ rí nínú fáìlì rẹ.

Má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún ọ pé àbùkù ni. Ohun kan wà lọ́wọ́ rẹ tí ọmọ Lọ́ńdọ̀nù kò ní: OHADA, àjọ tó so òfin òwò àwọn orílẹ̀-èdè Áfíríkà kan pọ̀. Wọ́n fọwọ́ sí àdéhùn rẹ̀ ní Port-Louis ní ọjọ́ 17 oṣù Kẹwàá 1993, wọ́n tún un ṣe ní Québec ní ọjọ́ kan náà nínú oṣù kan náà ní 2008. Orílẹ̀-èdè 17 ló ń lo òfin òwò kan ṣoṣo yìí. Ìwé òfin ilé-iṣẹ́ tí o kọ́ ní Calavi, òun náà ni wọ́n ń lò ní Dakar, ní Douala àti ní Kinshasa. Ilé-ẹ̀kọ́ tí OHADA dá sílẹ̀ fún àwọn adájọ́ àti agbẹjọ́rò, ERSUMA, Àjàṣẹ́ níbí ló wà. Àwọn èèyàn ń wọ bààlúù láti Gabon wá kọ́ ohun tí ìwọ lè gun ọ̀kadà lọ kọ́. Kó o tó lọ sí òkè òkun, lọ béèrè ètò ìdánilẹ́kọ̀ọ́ wọn, kó o ṣe ọ̀kan ó kéré tán. Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde.

Ẹ̀ṣọ́ tó ṣe pàtàkì jù ni CAPA, ìwé ẹ̀rí tó ń ṣílẹ̀kùn iṣẹ́ agbẹjọ́rò nílé. Àwọn ọ̀dọ́ máa ń bi mí bóyá kí wọ́n kọ́kọ́ lọ ṣe LL.M. kí wọ́n tó padà wá ṣe CAPA. Rárá ni mo máa ń sọ, mi ò sì rò pé ẹnikẹ́ni lè yí mi lérò padà. Gba CAPA, ṣe ẹ̀kọ́ṣẹ́ lábẹ́ ọ̀gá, kí orúkọ rẹ wọ ìwé ẹgbẹ́ agbẹjọ́rò Bẹ̀nẹ̀, kí o tó lọ. Wo ohun tí ìyẹn máa ṣe fún ọ.

Ní California, agbẹjọ́rò tó ti ní àṣẹ ní ìlú tirẹ̀ lè jókòó ìdánwò wọn láìṣe LL.M. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ẹni tó ti jẹ́ agbẹjọ́rò níbòmíràn kò ní láti ṣe ọdún méjì iṣẹ́ ìdánrawò tí wọ́n ń béèrè lọ́wọ́ àwọn yòókù. Ní Faransé, ẹni tó ti wọ ẹgbẹ́ agbẹjọ́rò nìkan ló lè gba ọ̀nà ìdánwò kúkúrú tí wọ́n ń pè ní article 100. New York pàápàá ń fún agbẹjọ́rò àjèjì láṣẹ láti jókòó bí olùdámọ̀ràn lórí òfin ìlú tirẹ̀ láìṣe ìdánwò, bó bá ti ṣiṣẹ́ fún ọdún mẹ́ta nínú márùn-ún tó ṣáájú. Ẹni tó bá bọ́ láti kíláàsì sínú bààlúù kò ní rí ọ̀kan nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin yìí.

Ní ti iṣẹ́ náà, ọ̀gá iléeṣẹ́ tó bá ń fọ̀rọ̀ wá ọ lẹ́nu wò ní òkè òkun yóò béèrè àdéhùn tí o ti kọ rí àti ẹjọ́ tí o ti gbé dé kọ́ọ̀tù. Bí ìdáhùn rẹ bá jẹ́ "mo ṣì ń kàwé ni", á rẹ́rìn-ín músẹ́, á pe ẹni tó kàn.

Ìgbésẹ̀ kẹta: ka òfin ìlú tí o yàn, láti ẹnu àwọn tó ni ín

*New York.* Òun ni ọ̀pọ̀ ń fojú sí, torí wọ́n la ọ̀nà àjèjì sílẹ̀ kedere. Òfin tó kàn ọ́ ni Rule 520.6 ti Court of Appeals ìpínlẹ̀ náà. Ohun méjì ni wọ́n ń wò: bí ẹ̀kọ́ òfin rẹ ṣe gùn tó, àti bóyá ti Gẹ̀ẹ́sì ni. Tiwa máa ń kù díẹ̀ káàtó níbi èkejì, wọ́n sì gbà kí o fi LL.M. dí àlàfo náà. Àlàfo kan ṣoṣo ló lè dí o. Bí ẹ̀kọ́ rẹ kò bá gùn tó pẹ̀lú, kò sí ohun tí LL.M. máa ṣe sí i. Wọ́n tún fẹ́ kí ẹ̀kọ́ rẹ jẹ́ èyí tó tó wọ iṣẹ́ agbẹjọ́rò ní ìlú rẹ. Níwọ̀n bí CAPA wa ti ń béèrè maîtrise tàbí Máàstà, má ṣe gbé licence, oyè ọdún mẹ́ta, nìkan lọ.

LL.M. náà gbọ́dọ̀ jẹ́ krẹ́díìtì 24 ó kéré tán, ní ilé-ẹ̀kọ́ tí ẹgbẹ́ agbẹjọ́rò Amẹ́ríkà, ABA, fọwọ́ sí. Ilẹ̀ Amẹ́ríkà ni o ti gbọ́dọ̀ jókòó kọ́ ọ. Ti orí íntánẹ́ẹ̀tì kò wọlé. O gbọ́dọ̀ parí rẹ̀ láàárín oṣù 24. Nínú krẹ́díìtì 24 yìí, 2 gbọ́dọ̀ jẹ́ ìwà tó yẹ agbẹjọ́rò, 2 ìwádìí àti ìwé kíkọ nípa òfin, 2 ètò òfin Amẹ́ríkà, 6 sì gbọ́dọ̀ wá láti inú àwọn ẹ̀kọ́ tí ìdánwò New York ń béèrè. 12 tó kù nìkan ni tìrẹ láti yàn bó ṣe wù ọ́.

Ibí yìí ni wàhálà tèmi ti bẹ̀rẹ̀. Òṣìṣẹ́ kan ní ilé-ẹ̀kọ́ tí mo lọ sọ fún mi pé kọ́ọ̀sì yòówù tí mo bá yàn, bó bá ṣáà ti pé 24, ó ti tó. Mo gbà á gbọ́. Mo yan ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn, òfin àyíká, ìtàn òfin, gbogbo ohun tí ọkàn mi fẹ́. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, èmi àti ọmọ Brazil kan jókòó jẹun, ó tẹ́ ìwé kọ́ọ̀sì tirẹ̀ sórí tábìlì, ó ti fi bírò pupa sàmì sí mẹ́fà tó jẹ́ ti ìdánwò. Mo wo tèmi. Méjì péré ni mo ní. Ó ku ọjọ́ mẹ́ta kí àyè àtipààrọ̀ kọ́ọ̀sì tì. Mi ò sùn lálẹ́ ọjọ́ náà. Nígbà tílẹ̀ mọ́, ẹnu ọ̀nà ọ́fíìsì àwọn tó ń forúkọ sílẹ̀ ni mo wà, wọn kò tíì ṣílẹ̀kùn. Bí kò bá sí oúnjẹ ọ̀sán yẹn, owó tí àwọn èèyàn mi dá jọ ìbá ti ṣòfò. Nítorí náà, tẹ Rule 520.6 jáde sórí bébà, kí ìwọ fúnra rẹ máa sàmì sí i.

Ṣáájú gbogbo rẹ̀, kó o tó san kọ́bọ̀ kan fún yunifásítì, kọ̀wé sí New York State Board of Law Examiners kí wọ́n yẹ ìwé rẹ wò ṣáájú. Àwọn ilé-ẹ̀kọ́ rẹ ló máa fi ìwé máàkì ránṣẹ́ sí wọn tààrà, ìdáhùn sì lè gba oṣù mẹ́fà tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìdáhùn yẹn ló máa sọ fún ọ bóyá LL.M. lè gbé ọ dé ibẹ̀ tàbí kò lè gbé ọ dé.

Ìdánwò náà jẹ́ ọjọ́ méjì, ní oṣù Kejì tàbí oṣù Keje. Máàkì 266 nínú 400 ni àyege. Ìdánwò ìwà agbẹjọ́rò, MPRE, wà lọ́tọ̀, 85 ni wọ́n ń gbà níbẹ̀. Kọ́ọ̀sì àti ìdánwò orí íntánẹ́ẹ̀tì nípa òfin New York tún wà, pẹ̀lú wákàtí 50 iṣẹ́ òfin ọ̀fẹ́ fún aláìní. Owó ìdánwò fún ẹni tó kàwé ní ìlú mìíràn jẹ́ 750 dọ́là. Láti oṣù Keje 2028, New York yóò bọ́ sí ìdánwò tuntun tí wọ́n ń pè ní NextGen. Bí ọdún rẹ bá bọ́ síbẹ̀, má ra ìwé àtijọ́. Ẹ̀ẹ̀kejì ni èmi yege. Ìṣòro mi kọ́ ni òfin, bí kò ṣe àkókò: mo ń ka ìbéèrè ní Gẹ̀ẹ́sì, mò ń rò ó ní Faransé, aago sì ń lọ.

*Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì.* Láti 2021, SQE ni ìdánwò àwọn solicitor, irú agbẹjọ́rò kan níbẹ̀. Apá kìíní jẹ́ ìbéèrè 360 tí o máa mú ìdáhùn kan nínú márùn-ún. Apá kejì jẹ́ iṣẹ́ ọwọ́ àti ọ̀rọ̀ ẹnu: fífọ̀rọ̀ wá oníbàárà lẹ́nu wò, ìwé kíkọ, ẹjọ́ rírò. Owó àpapọ̀ rẹ̀ súnmọ́ 5,000 pọ́n-ùn. Bí ìwé àṣẹ solicitor ni ohun tí o ń wá, fi owó LL.M. pamọ́, kí o ra ìdánilẹ́kọ̀ọ́ SQE. LL.M. Lọ́ńdọ̀nù wúlò fún ẹni tó fẹ́ ìmọ̀ ìjìnlẹ̀ nínú òfin báńkì, ọkọ̀ ojú omi tàbí ìdájọ́ láàárín oníṣòwò.

*Kánádà.* Àwọn èèyàn wa máa ń gbójú fo Québec, bẹ́ẹ̀ òun ló súnmọ́ wa jù. Faransé ni wọ́n ń sọ níbẹ̀, òfin àárín ará ìlú wọn sì jẹ́ ti ìdílé tiwa. Barreau du Québec ní ìgbìmọ̀ tó ń yẹ ìwé àjèjì wò. Wọ́n á sọ kọ́ọ̀sì tó kù fún ọ, lẹ́yìn rẹ̀ École du Barreau, lẹ́yìn rẹ̀ iṣẹ́ ìdánrawò oṣù mẹ́fà. Máàstà ìwádìí lásán kì í rọ́pò kọ́ọ̀sì wọ̀nyẹn, nítorí náà wá ètò tí yunifásítì ṣe fún agbẹjọ́rò tó kàwé ní òde. Àwọn ìpínlẹ̀ yòókù ń lọ nípasẹ̀ NCA, ìgbìmọ̀ tiwọn tó ń yẹ ìwé àjèjì wò, ẹni tó bá sì ti ìdílé Faransé wá, ohun tí wọ́n máa ń béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ pọ̀.

*Faransé.* Conseil national des barreaux ló ń yẹ fáìlì wò kí o tó jókòó ìdánwò article 100. Ní ti ẹ̀kọ́, Campus France ní Kútọnu ni ọ̀nà. Mi ò ní pẹ́ lórí èyí, nítorí kò sí ẹni tí kò ní ẹ̀gbọ́n tó ti gba ibẹ̀ lọ.

*Pretoria.* Bó bá jẹ́ ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn lo fẹ́, LL.M. ti Centre for Human Rights níbẹ̀ jẹ́ ti àwọn ọmọ Áfíríkà. Nǹkan bí ọgbọ̀n èèyàn ni wọ́n ń mú lọ́dún. Ìdajì ọdún ni wọ́n ń lò ní Pretoria, ìdajì yòókù ní yunifásítì mìíràn ní Áfíríkà. Nínú gbogbo èyí tí mo mọ̀, òun ló ń mú èèyàn dé àjọ àgbáyé pẹ̀lú owó tó kéré jù.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: ka oṣù lórí ìka rẹ

Ọ̀pọ̀ ń ka owó, wọn kì í ka oṣù. Fi Amẹ́ríkà ṣe àpẹẹrẹ. LL.M. parí ní oṣù Karùn-ún. Ìdánwò wà ní ìparí oṣù Keje. Èsì máa ń jáde ní nǹkan bí oṣù Kẹwàá, ìbúra sì wà lẹ́yìn rẹ̀. Físà akẹ́kọ̀ọ́ F-1 fún ọ ní oṣù 12 péré láti ṣiṣẹ́ lẹ́yìn ẹ̀kọ́, èyí tí wọ́n ń pè ní OPT. Oṣù 24 tí wọ́n ń fi kún un fún àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì kò kan agbẹjọ́rò. Nínú oṣù 12 náà, bí ọjọ́ tí o wà láìníṣẹ́ bá kọjá 90, ó parí nìyẹn. Ìdí nìyí tí ẹni tó bá dúró de èsì ìdánwò kó tó wáṣẹ́ fi ń pẹ́ dé ọjà.

Lẹ́yìn OPT, físà iṣẹ́ H-1B ló kù: 65,000 lọ́dún, pẹ̀lú 20,000 fún ẹni tó gba máàstà ní Amẹ́ríkà, kèké ni wọ́n sì ń ṣẹ́ láti fi yan. Ní oṣù Kẹsàn-án 2025, wọ́n gbé 100,000 dọ́là lé ọ̀pọ̀ ìbéèrè tuntun fún òṣìṣẹ́ tí wọ́n ń mú láti òde. Òfin físà wọn fún orílẹ̀-èdè wa náà ń yí padà. Bi ilé-iṣẹ́ aṣojú wọn ní Kútọnu léèrè lọ́sẹ̀ tí o fẹ́ sanwó gan-an, má gbára lé ohun tí ẹni tó lọ lọ́dún kẹta sọ.

Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ń fún akẹ́kọ̀ọ́ ní ọdún méjì lẹ́yìn ẹ̀kọ́, yóò di oṣù 18 fún ẹni tó bá béèrè láti ọjọ́ kìíní oṣù Kìíní 2027. Kánádà lè fún ẹni tó gba máàstà ní ọdún mẹ́ta.

Ní oṣù Kìíní, New York University máa ń gbàlejò ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò fún àwọn ọmọ LL.M. láti ọ̀pọ̀ ilé-ẹ̀kọ́. Nígbà tí mo dé ibẹ̀, ohun tí ọ̀pọ̀ iléeṣẹ́ ń wá ni ẹni tó mọ òfin ìlú kan dáadáa, tó sì lè fi Gẹ̀ẹ́sì kọ ọ́. Ọ̀kan béèrè OHADA lọ́wọ́ mi. Inú mi dùn débi pé mo sọ̀rọ̀ ju bó ṣe yẹ lọ.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: owó

Ní Harvard tàbí Columbia, owó ilé-ẹ̀kọ́ nìkan ti kọjá 70,000 dọ́là, kí a tó dé orí ilé àti oúnjẹ. Má ta ilẹ̀ bàbá rẹ ní Kétu nítorí èyí. Mo sọ ọ́ láìfi bọpo bọyọ̀, torí mo mọ ẹni tó tà á.

Wá owó ìrànwọ́ ní ọdún kan ààbọ̀ ṣáájú. Fulbright wà nílé-iṣẹ́ aṣojú Amẹ́ríkà ní Kútọnu, ṣùgbọ́n físà J-1 tó ń bá a wá máa ń mú ọ padà sílé fún ọdún méjì kí o tó lè gba físà iṣẹ́ bíi H-1B. Ẹni tó fẹ́ dúró sí New York, Fulbright kì í ṣe tirẹ̀. Ẹni tó fẹ́ padà wálé, kò sí èyí tó dára jù ú lọ. Àwọn máàstà Erasmus Mundus ń san 1,400 yúrò lóṣù, ìyẹn nǹkan bí 918,000 sẹ́fà, láìgba owó ilé-ẹ̀kọ́ lọ́wọ́ rẹ. Faransé ní ti Eiffel. Má sì gbàgbé láti bi yunifásítì tó gbà ọ́ léèrè fúnra rẹ̀. Lẹ́tà tó fi ọ̀wọ̀ sọ pé "mo fẹ́ wá, ṣùgbọ́n agbára mi dé ibí yìí" ti mú owó wálẹ̀ fún ọ̀pọ̀ èèyàn, èmi náà sì wà nínú wọn.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: fáìlì rẹ, pàápàá orúkọ rẹ

Relevé (ìwé máàkì) gbogbo ọdún, díplómà, ìwé ẹ̀rí láti ẹgbẹ́ agbẹjọ́rò, lẹ́tà ìjẹ́rìí méjì tàbí mẹ́ta, ìdánwò Gẹ̀ẹ́sì. Olùtumọ̀ tó ti búra ní kọ́ọ̀tù ni kó túmọ̀ ìwé Faransé rẹ. Ọ̀pọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ òfin ń béèrè TOEFL tó tó 100 tàbí IELTS tó tó 7. CEBELAE, ilé-ẹ̀kọ́ èdè ní Calavi, lè bá ọ gbé e ró, ṣùgbọ́n fún un ní ọdún kan, má fún un ní oṣù méjì.

Ohun tó máa ń dá wa lóró jù ni orúkọ. Wọ́n kọ ọ́ ní Olatoundji nínú ìwé ìbí, Olatunji nínú páásípọ̀ọ̀tù, nínú díplómà wọ́n gbàgbé d tàbí wọ́n fi orúkọ bàbá ṣáájú. Àwa mọ̀ pé Ọlátúnjí kan náà ni. Òṣìṣẹ́ Board tó jókòó sí Albany ní New York kò mọ̀. Tẹ́ gbogbo ìwé rẹ sórí ẹní lọ́jọ́ kan, kí o ka orúkọ náà lẹ́tà kọ̀ọ̀kan láti òsì dé ọ̀tún. Bí ọ̀kan bá yàtọ̀, lọ tún un ṣe ní kọ́ọ̀tù àti ní ilé ìjọba ìbílẹ̀ kí o tó fi ohunkóhun ránṣẹ́. Fáìlì ọmọ Kétu yẹn ní irú rẹ̀: `ch` nínú ìwé kan, `sh` nínú òmíràn.

Ìgbésẹ̀ keje: ohun tó yẹ kí o kọ́ níbẹ̀

Lẹ́yìn kọ́ọ̀sì tí òfin là sílẹ̀, yan èyí tí o lè tà nílé: àdéhùn òwò kíkọ ní Gẹ̀ẹ́sì, òfin yíyá owó ńlá, àti arbitrage, ìyẹn ìdájọ́ tí oníṣòwò méjì gbé fún ẹni tí wọ́n fọwọ́ ara wọn yàn.

Jẹ́ kí n fi kajú Ṣábẹ̀ẹ́ ṣàlàyé. Láti oṣù Kẹrin 2024, ìjọba Bẹ̀nẹ̀ kò gba kajú tútù láàyè láti jáde kúrò nílùú mọ́. Ká sọ pé oníṣòwò Ṣábẹ̀ẹ́ kan ti fọwọ́ sí àdéhùn ṣáájú pé òun á kó ọ̀pọ̀ tọ́ọ̀nù fún ẹnìkan láti Èkó. Ẹnu bodè tì. Ta ló máa jẹ gbèsè? Bó bá jẹ́ òfin Bẹ̀nẹ̀ ló ń darí àdéhùn náà, force majeure, ìyẹn ohun tó ju agbára ẹni lọ, wà nínú ìwé òfin, kódà bí àdéhùn kò bá dárúkọ rẹ̀. Ó ku kí a jà lórí bóyá ẹni náà lè ti rí i tẹ́lẹ̀. Bó bá jẹ́ òfin ti Gẹ̀ẹ́sì ni, adájọ́ yóò kọ́kọ́ béèrè pé: níbo lẹ ti kọ ọ́ sínú àdéhùn? Bí kò bá sí níbẹ̀, ọ̀nà tó kù há gidigidi. Ìdí nìyẹn tí àdéhùn wọn fi ń gùn tó ojú ewé ọgọ́ta, tí tiwa sì ń jẹ́ mẹ́jọ. Agbẹjọ́rò tó bá lè jókòó láàárín ọkùnrin méjì yìí, kó sọ ohun tí ìlà kan nínú àdéhùn máa dà ní ìhà kọ̀ọ̀kan bodè, kó sì ṣàlàyé rẹ̀ fún àwọn méjèèjì ní Yorùbá, iṣẹ́ kò ní wọ́n ọn.

Bí wọ́n bá ní kí o kọ ìwé ìwádìí, kọ ọ́ lórí OHADA ní Gẹ̀ẹ́sì. Ìwé lórí rẹ̀ ní èdè náà kò pọ̀. Ọ̀jọ̀gbọ́n rẹ á rántí rẹ.

Ìgbésẹ̀ kẹjọ: ibi tí iṣẹ́ wà lẹ́yìn náà

Ọ̀nà kan ò wọ ọjà. Kọ́ọ̀tù OHADA, CCJA, wà ní Abidjan, ó ń dá ẹjọ́, ó sì ń bójú tó arbitrage. Báńkì ìdàgbàsókè Áfíríkà wà ní Abidjan kan náà. BOAD, báńkì ìdàgbàsókè ti Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà, àti Ecobank wà ní Lómé, wákàtí díẹ̀ sí Kútọnu. Ọ́fíìsì àgbà AfCFTA, ti òwò ọ̀fẹ́ láàárín Áfíríkà, wà ní Accra, kọ́ọ̀tù ECOWAS ní Abuja. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ń ṣiṣẹ́ láàárín Faransé àti Gẹ̀ẹ́sì, ibẹ̀ ni LL.M. ti ń mú owó rẹ̀ padà.

Nílé, ẹ wo ohun tó ń wọlé: àwọn ilé-iṣẹ́ ní agbègbè Glo-Djigbé, páìpù epo tó ti Niger wá sí Sèmè, àwọn ará Èkó tó ń dá ilé-iṣẹ́ sílẹ̀ ní Kútọnu. Àdéhùn wọn ń dé ní Gẹ̀ẹ́sì. Níwọ̀n bí òfin 2014 ti UEMOA, àjọ àwọn ìlú tó ń ná sẹ́fà ní Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà, ti so iṣẹ́ agbẹjọ́rò pọ̀ ní orílẹ̀-èdè mẹ́jọ, oníbàárà rẹ lè wá láti Dakar tàbí Ouagadougou. Oṣù mélòó kan àkọ́kọ́ máa ń gbẹ. Ọ̀nà tí mo fi gbà á já ni pé mo kọ lẹ́tà sí iléeṣẹ́ agbẹjọ́rò mẹ́rìnlá ní Èkó, mo ní: bí oníbàárà yín bá ní ọ̀ràn ní Bẹ̀nẹ̀, mo wà ní Àjàṣẹ́, mo lè kọ ọ́ ránṣẹ́ sí yín ní Gẹ̀ẹ́sì. Mẹ́ta dá mi lóhùn. Ọ̀kan nínú wọn ń fi iṣẹ́ ránṣẹ́ títí di òní.

Ọmọ Kétu náà kọ̀wé sí yunifásítì rẹ̀ pé kí wọ́n bá òun fi àyè òun pamọ́ fún ọdún kan, wọ́n sì gbà. Ó ti forúkọ sílẹ̀ fún CAPA. Ìwé ìbí rẹ̀ wà ní kọ́ọ̀tù fún àtúnṣe orúkọ. Lọ́sẹ̀ tó kọjá ó pè mí, ó ní Board ní New York ti rí relevé rẹ̀ láti Calavi gbà, díplómà ló kù. Mo ní kó lọ jókòó sí sẹ́kírítéríà wọn lọ́jọ́ Ajé, kó má kúrò títí wọn á fi fi òǹtẹ̀ lu àpòòwé náà lójú rẹ̀.